Dẹ́rẹ́kì Ní Kí N Má Gba Ọ̀nà Òtẹ́ẹ̀lì Lọ́jọ́ Sátidé

Ọjọ́ tí wọ́n pe gbogbo wa jọ láti kọ́ wa bí a ṣe ń dá ẹni tí àwọn agbawèrèmẹ́sìn fẹ́ fà mọ́ra mọ̀, èmi nìkan ni mo wé ìbòrí nínú yàrá náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gbogbo wa, ní ìlú kékeré kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ń tọ́jú aláìlera nílé bíi tèmi, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, àwọn kan ló ń fún ènìyàn ní ilé ìjọba gbé. Bí obìnrin tó ń kọ́ wa ṣe dárúkọ agbawèrèmẹ́sìn báyìí, mo rí i tí orí bíi mẹ́rin yí sọ́dọ̀ mi, tí wọ́n sì yára yí padà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi ìwọ̀sí lọ̀ mí. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn wò mí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Mo tẹ orí ba, mo ń kọ ohun tí obìnrin náà ń sọ sínú ìwé. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni, irun rẹ̀ funfun, kì í gbé ohùn sókè.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kan ṣoṣo," ó ní. "Ẹni tí ìbànújẹ́ bá, tó dá wà, tó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi ìyà rẹ̀ rù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ rọrùn láti mú. Àwọn kan á fi ẹ̀sìn mú un, àwọn mìíràn á fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara mú un. Oore ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe fún un. Ẹ kíyè sí ẹni tó bá pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tì lójijì, tí kì í gbé ojú kúrò lára fóònù mọ́, tó jẹ́ pé 'àwa' àti 'àwọn yẹn' ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín. A ò ní kí ẹ di ọlọ́pàá. Ẹni tí omi ń gbé lọ ni a ní kí ẹ na ọwọ́ sí."

Nígbà tí a jáde lọ mu tíì, ọkùnrin kan láti ilé ìkàwé sún mọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Irú nǹkan báyìí pọ̀ lọ́dọ̀ yín, àbí?"

Mo sọ fún un pé Adó-Èkìtì ni mo ti wá, pé ní ilé wa, bí a bá pa àgbò Iléyá, àbúrò ìyá mi tí kì í pa Máàsì ọjọ́ Ìsinmi jẹ ni ó ń dúró ti ẹran lórí iná. Bí ó bá di Kérésìmesì, bàbá mi ni ó ń bá a pa adìyẹ nítorí opó ni. Ọkùnrin náà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi dúró níbẹ̀ títí tíì mi fi tutù. Ohun tí mo ń rò ni pé ọjọ́ tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ nílùú yìí, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ yíjú wò.

Kí n tó kúrò nílé, òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìgèdè. Láràárọ̀ ni mo ń wọ ọkọ̀ láti Adó. Kí n tó rìn láti ibi tí ọkọ̀ bá já mi sí dé ilé ìwòsàn, n óò ti kí ogún ènìyàn, ogún ènìyàn yóò sì ti bi mí léèrè àlàáfíà bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú òyìnbó, mo kí gbogbo ẹni tí mo bá ní ibùdókọ̀. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ kúrò ní apá tó kọjú sí mi, ó gbé e sí èkejì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pa ẹnu mọ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìkíni jẹ́ oúnjẹ, àfìgbà tí ebi rẹ̀ ń pa mí.

Nígbà tí mo kàwé ní Ìbàdàn, bí mo bá ti la ẹnu ni wọn óò ti mọ̀ pé ará Èkìtì ni mí. Bí mo bá ní mo ń lọ sí ulé dípò ilé, wọ́n á máa sín mi jẹ: "Ulé! Ulé!" Inú a máa bí mi. Níbí, mo ń wá ẹni tí yóò sín mi jẹ. Adúláwọ̀ lásán ni mí lójú wọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ìgèdè yàtọ̀ sí ti Adó, kò sì sí ẹni tí ìyẹn kàn.

Bàbá mi ni ẹni tí n kò lè ṣe aláìbá sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Télọ̀ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, kò jìnnà sí oríta. Nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí mo bá ń jẹun lórí bẹ́ǹṣì láàárín ilé kan sí èkejì, wọ́n á pè.

"Uṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ń lọ dáadáa, bàbá."

"Òtútù ò mú ọ?"

"Kò mú mi."

Irọ́ ni. Òtútù ń mú mi, iṣẹ́ ọ̀hún sì ń rẹ̀ mí dé ọ̀rá inú egungun. Àwọn náà kì í sọ fún mi pé ojú àwọn ti ń ṣe bàìbàì. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Irọ́ ni a fi ń tọ́jú ara wa.

Dẹ́rẹ́kì wà lára àwọn tí wọ́n fún mi tọ́jú. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ń bá àwọn ènìyàn nu fèrèsé ilé wọn ṣiṣẹ́ jẹ títí ó fi jábọ́ láti orí àkàbà tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà ní ìlú mìíràn, kì í wá. Ọjọ́ kìíní tí mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó yọjú, ó wo ìbòrí mi, ó wo káàdì tó wà lọ́rùn mi.

"Wọ́n tún ti rán òmíràn wá," ó ní.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Má pè mí ní sà. Dẹ́rẹ́kì ni mò ń jẹ́."

Báwo ni n óò ṣe là á mọ́lẹ̀ pe orúkọ ẹni tó tó bí mi lọ́mọ? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò pè é ní nǹkankan. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, n óò kọ́kọ́ wúkọ́. Ní ọjọ́ kan ó bi mí bóyá àyà ń dùn mí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí rẹ̀ mú.

"Kí ni ẹ̀yin máa ń pe àgbàlagbà?"

"Bàbá."

"Èmi náà á gba ìyẹn."

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń gbé e ṣubú, nítorí náà a fàbọ̀ sórí Dẹ́rẹ́kì. Láàárọ̀, n óò bá a wẹ̀, n óò bá a wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó ń fún ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, lẹ́yìn náà a ó máa kọ́ ìrìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó lé ní oṣù mẹ́ta tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó dá rìn dé géètì, ó gbé ọ̀pá sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ojú ọ̀nà ni mo ti pe bàbá mi.

"Bàbá, ó rìn dé géètì! Òun nìkan!"

Mo gbọ́ tí wọ́n kígbe sí àwọn oníbàárà inú ṣọ́ọ̀bù: "Ọmọ mi ti mú òyìnbó kan rìn o!" Mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, àwọn ènìyàn ń wò mí, n kò sì bìkítà.

Nígbà tí òtútù padà dé ni nǹkan yí padà.

Ó kọ́kọ́ pa gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tì, níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń ta káàdì ní ọjọ́ Wẹ́sidé. Ó ní àwọn òmùgọ̀ ni wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, n óò gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń pariwo nínú rẹ̀, òun á sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀, ó ní:

"Àwọn yẹn ló ń gba gbogbo nǹkan mọ́ wa lọ́wọ́."

"Àwọn wo?"

"Kì í ṣe ìwọ. Ìwọ yàtọ̀."

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àga àyálò ni. Ẹni tó fi yá ọ lè dé nígbàkígbà kó ní kí o dìde.

Lẹ́yìn náà ni àlejò kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ tutù, aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó máa ń gbé ọbẹ̀ àti búrẹ́dì wá. Òun ló bá Dẹ́rẹ́kì tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ṣe. "Ọ̀gágun" ni ó máa ń pè é, ojú Dẹ́rẹ́kì a sì tàn bí ọmọdé. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó wá jókòó tì í bí kò ṣe ọkùnrin yìí. Ohun tó yẹ kí ọmọ tó bí máa ṣe fún un ni àlejò ń ṣe. Èmi ni kò kí rí. Bí mo bá wà níbẹ̀, yóò kàn dúró lẹ́bàá fèrèsé títí n óò fi jáde.

Gbogbo ohun tí obìnrin onírun funfun náà sọ ni ó ń ṣẹlẹ̀ lójú mi, mo sì ń wí fún ara mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbé ọbẹ̀ wá fún aláìlera, ṣé ẹjọ́ rẹ̀ ni n óò lọ rò?

Ní ọjọ́ Túsìdeé kan, mo wọ ilé ìdáná láti bá a gbé omi kaná. Òórùn bẹntiróòlù gbá mi nímú. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n.

"Dẹ́rẹ́kì, kí lèyí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n bá òun tọ́jú wọn."

Kò wò mí lójú. Mo bá a wọ ìbọ̀sẹ̀ tán, mo ń palẹ̀ mọ́, ni ó bá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Lọ́jọ́ Sátidé, má gba ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí rélùwéè. Gba ibòmíràn."

Mo mọ òtẹ́ẹ̀lì náà. Ibẹ̀ ni ìjọba kó àwọn tó sá ogun wá sí. Láti inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń rí wọn lójú fèrèsé, àwọn obìnrin, àwọn ọmọ ọwọ́.

"Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé?"

"N kò mọ̀. Má ṣáà gba ibẹ̀. Torí pé o ṣe dáadáa sí mi ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ sí ilé tó kàn. Mo da iyọ̀ sínú tíì arúgbó kan dípò ṣúgà. Mo gbàgbé ìwé tí mo máa ń fọwọ́ sí. Gbogbo ọkùnrin tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójú títì, mo ń rò pé òun ni alóhùn-tútù yẹn, pé ó mọ̀ pé mo ti rí kẹ́ẹ̀gì.

Sister Bọ́sẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ọmọ Òṣogbo ni, a jọ ń gbé ilé kan náà, a sì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó ti pẹ́ jù mí lọ nílùú yìí. Ó ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Ó dá ọ̀bẹ dúró.

"Ta lo ti sọ ọ́ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Ó parí síbẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa. Ìwé tí a fi ń gbé ìlú yìí, ọwọ́ iṣẹ́ yìí ló wà; bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé bọ́ nìyẹn. Ìwọ kì í ṣe òyìnbó, òyìnbó ni ọkùnrin yẹn. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n rí ìbòrí ẹ, tí o ní òyìnbó kan fẹ́ dáná sun ilé, tí òyìnbó yẹn wá ní irọ́ ni, ta ni wọn óò gbàgbọ́?"

"Bí wọ́n bá wá sun àwọn ọmọ ọwọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́." Ó padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gé e mọ́, ó kàn ń wò ó. "Kì í ṣe pé mo burú. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Wọ́n ní ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi í ríran. Mo ti gba òwe yẹn gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn láti ọjọ́ tí mo ti dé. Má rí i, má gbọ́ ọ, ṣe iṣẹ́ rẹ, lọ sílé. Ṣùgbọ́n àlejò ni àwọn tó wà nínú òtẹ́ẹ̀lì yẹn náà. Èwo wá ni tèmi nínú méjèèjì? Bí mo bá la ẹnu, Dẹ́rẹ́kì lè ṣẹ̀wọ̀n, ọkùnrin tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní ìrìn. Bí n kò bá là á, n kò mọ iye ènìyàn tí yóò kú. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, èmi ni ó fà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sidé, bàbá mi pè. N kò lè purọ́ lọ́jọ́ náà.

"Uṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́?"

Ẹkún ni mo fi dáhùn. Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀bá títì ni mo ti ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbọ́ tí wọ́n ní kí àwọn oníbàárà bá àwọn jáde síta díẹ̀, mo sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa dé. Ní Adébáyọ̀, ní ọ̀sán gangan, bàbá mi kì í ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"O rántí Wàídì," wọ́n ní.

Àbúrò mi ni Wàídì. Ọdún kẹta ni ó wà ní yunifásítì, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn kan yìnbọn pa á lójú títì. Ìgbà yẹn ni a tó mọ̀ pé òun náà wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn mìíràn. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, a kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa. Bí ìyá mi bá fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé ìgbà tí ó wà, "nígbà yẹn" ni wọ́n máa ń sọ.

"Mo rántí rẹ̀, bàbá."

"Ó kó aṣọ wá bá mi, dúdú àti pupa. Ó ní kí n rán fìlà méje fún òun, irú kan náà, pé ti àwọn ọmọ kíláàsì òun ni. Mo ti ń rí i nígbà náà pé kò jẹun nílé mọ́. Mo ti ń rí i pé ó ti pa àwọn tí wọ́n jọ ń kéwú tì. Mo wo aṣọ náà, ọkàn mi sọ fún mi pé kì í ṣe ti kíláàsì. Mo ní bí mo bá bi í, inú á bí i, kò ní wálé mọ́. Mo bá rán an. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rán an, ọmọ mi. Ọ̀kan nínú wọn wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé."

N kò gbọ́ ìyẹn rí. Ìyá mi pàápàá kò gbọ́ ọ rí, mo bi wọ́n lẹ́yìn náà.

"Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru," wọ́n ní. "Láti ọjọ́ yẹn, èmi ò sùn. Ọkùnrin yẹn sọ fún ọ, kò sọ fún ẹlòmíràn. Lọ sọ ọ́. Bí wọ́n bá lé ọ wá sílé, ulé wà. Mo ń bẹ níbí."

Ọ́fíìsì Línda, ọ̀gá wa, ni mo gbà lọ tààrà. Obìnrin tó máa ń kánjú ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ojú mi, ó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa. Mo sọ ohun tí mo rí, mo sọ ohun tí mo gbọ́, n kò fi kún un. Ó ń kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi kẹ́ẹ̀gì, ó gbé orí sókè.

"Ṣé o rí wọn fúnra rẹ?"

"Mo rí wọn. Mo gbóòórùn wọn." Lẹ́yìn náà ni ohun tí n kò pète jáde lẹ́nu mi: "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó dá wà ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò lè tètè dìde."

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sí fóònù, ó pe àwọn tó yẹ kó pè. Kí n tó jáde, ó ní n kò ní padà lọ sọ́dọ̀ Dẹ́rẹ́kì títí wọn yóò fi sọ fún wa.

Tọ́sìdeé, wọn kò sọ nǹkankan. Fúráìdè, mo lọ kírun Jímọ̀, mo ka Fátíà lẹ́ẹ̀mejì nínú rakáà kan nítorí ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Sister Bọ́sẹ̀ jókòó sínú ilé láti àárọ̀, fóònù wà láàárín wa lórí tábìlì. Ó ń ka Sáàmù, èmi ń ka tèsúbáà. Nǹkan bí aago mẹ́ta, a gbọ́ ariwo láti òkèèrè, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá. Sister Bọ́sẹ̀ di ọwọ́ mi mú títí ó fi dùn mí. A ń wá èéfín lójú ọ̀run. A ò rí i.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo tó mọ ìwọ̀nba tí wọ́n lè sọ fún mi. Àwọn ènìyàn kan kóra jọ síwájú òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n pariwo, wọ́n ju òkúta, ọlọ́pàá tú wọn ká. Fèrèsé méjì fọ́. Iná kankan kò sọ. Láti alẹ́ Wẹ́sidé ni wọ́n ti gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò nílé Dẹ́rẹ́kì, alóhùn-tútù sì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n da ìbéèrè bo Dẹ́rẹ́kì fún ọjọ́ kan, wọ́n sì dá a padà sílé. Wọ́n bi í bóyá yóò gbà kí ẹnì kan máa wá bá a jókòó sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pé kì í ṣe dandan. Ó ní òun gbà.

"O ṣe ohun tó tọ́," ni Línda wí. Ó yẹ kí ara tù mí. Ohun tí mo ń rò kò ju pé Dẹ́rẹ́kì ti mọ̀ pé èmi ni mo lọ sọ ọ́. Òun àti èmi nìkan ni ó mọ ohun tó sọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó ní kí n padà lọ. Línda ní bí n kò bá fẹ́, òun yóò rán ẹlòmíràn. Mo ní n óò lọ. Láti ibi tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Kò ní kí n wọlé, kò sì tìlẹ̀kùn. Ó yí padà, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ síbi àga rẹ̀, mo tẹ̀lé e.

"Ènìyàn mẹ́fà ló wọ ilé yìí," ó ní. "Wọ́n tú kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó mi. Aṣọ rẹ̀ tí n kò tíì lè fọwọ́ kàn, wọ́n tú u."

"Ẹ má bínú."

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Ó yíjú sí fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, àpò iṣẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá kí n ṣí i.

"O bẹ̀rù mi?"

"Rárá. Ẹ̀rù pé ẹ ó bá wọn kú ló bà mí." Ìgbà náà ni mo sọ fún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi, mo sọ ọ̀rọ̀ fìlà méje, mo sọ bí bàbá mi ṣe ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó lè sọ ọ́ jáde. N kò mọ̀ pé mo ń sunkún títí ó fi na aṣọ ìnujú sí mi. Òun náà kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́.

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ àga.

"Kí ni orúkọ rẹ̀, àbúrò rẹ yẹn?"

Mo sọ ọ́. Kò gbọ́ ọ dáadáa, ó ní kí n tún un sọ. Ó gbìyànjú, ahọ́n rẹ̀ kọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, kò rí i pè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra pè é, gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń pè é nílé.

"Wàídì."

Láti ọdún mẹ́fà, èmi kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ náà bẹ́ẹ̀, láìbẹ̀rù.